Katakata Tó Ń Kú Lẹ́yìn Ìṣẹ́jú Méjìlélógún

Àbúrò olùsọ̀rọ̀ ni èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, ọmọ ìyá kan náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, àgbẹ̀ ọmọ àgbẹ̀. Kò mọ̀wé, ó sì ní ó ti pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì ló pàṣẹ lórí fóònù pé kí a máa kọ ohun tí katakata bá ṣe lójoojúmọ́ sílẹ̀, àti gbogbo ohun tí a bá fọwọ́ kàn lára rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun kò ní wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí a ó bá kọ ti katakata, kí a kúkú máa kọ ti inú òun náà mọ́ ọn. Mo ti ṣèlérí pé n kò ní kà á sí etí ẹnikẹ́ni, n kò sì ní tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Ibi tí ẹnu bá ń yún mi jù, inú àkámọ́ ni mo fi tèmi sí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Ó dé. Olúwa mi, ó dé! Wọ́n fi okùn dì í mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù bí ẹni tó fẹ́ sá lọ. Wọ́n ní pupa ni nígbà èwe rẹ̀. Àwọ̀ bíríkì tí òjò ti pa ló kù báyìí. Táyà ẹ̀yìn ga dé àyà mi. Irin lásán ni ìjókòó rẹ̀, ó tẹ́ bí àwo. Mo jókòó sí i, ó gbà mí wẹ́kú, àfi bí ẹni pé wọ́n wọn ìdí mi kí wọ́n tó rọ ọ́.

Màmá Onígéètì Dúdú, opó tó tà á fún mi, sin ín wá. Ọkọ rẹ̀ ló ń wà á títí ọlọ́jọ́ fi dé. Láti ọdún méjì, abẹ́ tapólì ló wà. Màmá gbá a ní ìhà pẹ́pẹ́, ó ní, "Má dójú tì mí o." Mo rò pé èmi ló ń bá wí, mo ní n kò ní dójú tì yín, mà.

Mo tan án. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tu èéfín dúdú, ó wá sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ débi pé àwọn abọ́ ilé ìdáná ń dá a lóhùn. Ojú ẹsẹ̀ ni mo sọ ọ́ ní Olóyè, nítorí kì í sọ̀rọ̀ kó má kọ́kọ́ wúkọ́.

Bàbá gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Ojú ti lọ, etí kù — etí yẹn ń gbọ́ nígbà tí èèrà bá ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá. Ó pè mí sí ojú fèrèsé, ó ní kí ni òun ń gbọ́ yẹn. Mo ní katakata ni. Ó ní ta ló ni ín. Mo ní èmi ni. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí?" Èmi arúgbó! Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n ra bàtà tuntun fún.

Nígbà tí Bàbá wà lọ́dọ̀ọ́, ọdún méje ló fi rìn lẹ́yìn katakata ní oko ńlá kan, ó ń ṣa òkúta. Wọn kò jẹ́ kó gùn ún rí. Ìtàn yẹn la fi dàgbà nínú ilé yìí.

Olóyè ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú méjìlélógún, lójú aago ọwọ́ àbúrò mi. Lẹ́yìn náà ó kú. Jẹ́jẹ́, bí ẹni tó rántí pé òun ní ibòmíràn tí òun ń lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀, kí ìwé mọ̀.

Ilẹ̀ ìsàlẹ̀, èyí tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí odò, Bàbá ló ni ín. Ọdún kẹta rèé tí ọkọ́ kò kàn án, nítorí ìbàdí mi kò gbà mọ́. Àbúrò mi — òun náà ló ń kọ ọ́, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ — lọ wá Oníbúlọ́ọ̀kù kan tó fẹ́ gbà á kó máa po símẹ́ńtì lórí rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ po èmi náà mọ́ símẹ́ńtì ọ̀hún. [Koríko ló ń hù níbẹ̀. Ìbàdí yín ni mo rò.]

A kó ẹjọ́ lọ bá Bàbá. Ó rò ó láti àárọ̀, ó sun oorun ọ̀sán lé e, ó jí, ó dá a. Ó ní tí a bá túlẹ̀ ibẹ̀ tán kí àkọ́rọ̀ òjò tó rọ̀, oko ni yóò máa jẹ́ níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láyé. Tí òjò bá bá poro kan ṣoṣo níbẹ̀ tí a kò tíì tú, kí a gbé e fún Oníbúlọ́ọ̀kù. Oníbúlọ́ọ̀kù gbà. Èèyàn dáadáa ni, kí n má purọ́, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló le bí ọjà rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra Olóyè. Ọjọ́ orí rẹ̀ sún mọ́ tèmi, àwa méjèèjì la ó jọ dá wọn lóhùn.

Òní: ìṣẹ́jú méjìlélógún. Ó kú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Mẹkáníìkì wá. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, sípánà mẹ́rin lápò ẹ̀yìn, kì í jókòó. Gbólóhùn kan ló mọ̀ láyé: "Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Mo na ọwọ́ sí páìpù — ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo fẹ́ nu eruku — ẹ má fọwọ́ kàn án. Máfọwọ́kàn-án lorúkọ rẹ̀ láti òní lọ.

Ó pè mí ní Bàbá Olóyè. Ó ní, "Bàbá Olóyè, ẹni tó bá lo oògùn mẹ́ta pọ̀, tára rẹ̀ bá yá, kò ní mọ èyí tó wò ó." Nǹkan kan ṣoṣo lóòjọ́. Kí a yí i, kí a tan katakata, kí a wo aago, kí a kọ ọ́. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun, Ọjọ́rú Ọjọ́rú ni òun lè máa wá. Ó bi mí bóyá mo ti fọwọ́ kan nǹkan kan lára rẹ̀ látìgbà tó ti dé. Mo ní rárá, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo sọ ọ́ tìgboyàtìgboyà.

Ó ní ebi epo ló ń pa ẹ́ńjìnnì. Epo wà nínú táńkì, kò dé ẹnu ni. Ibi tó ti há sí ni a kò mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

A pààrọ̀ fílítà. Èyí tí a yọ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ní ọ̀tá rèé! Mo gbé e yí ilé ká, mo gbé e lọ han Bàbá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí n gbé e jáde kí òun tó bì.

Ìṣẹ́jú méjìlélógún. Ó kú.

A ṣí táńkì wò bóyá epo ti tán. Epo kún dé ọrùn. A dé e. Mo fi ọwọ́ fa epo wá sẹ́nu ẹ́ńjìnnì nígbà mẹ́wàá, Olóyè wúkọ́, ó dìde. Ìṣẹ́jú méjìlélógún mìíràn. Ó mọ aago ju àbúrò mi lọ.

Bàbá bi wá láti inú ilé pé ta ló ń mí kanlẹ̀ níta. Kò sẹ́ni tó mí kanlẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Mo ti rí oògùn rẹ̀! Èébú ni!

Ó kú bó ṣe máa ń kú. Àbúrò mi ṣí táńkì wò, epo wà, ó dé e. Èmi wá dúró sí iwájú ràdíétọ̀, mo bú u. Mo bú u láti orí dé táyà. Mo ní òkú irin, ọ̀lẹ aláriwo, jẹunjẹun tí kò ṣiṣẹ́, orí ẹ bí ìkòkò tí wọ́n gbé jù. Mo tan án, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà! Ojú tì í.

[Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Èmi ni mo ń wo aago, n kò sí nínú èébú.]

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Ó kú, a ṣí táńkì wò, mo bú u, ó jí. Èébú tún ṣiṣẹ́. Mo ti ń ní èyí tó pọ̀ nílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

A sinmi. Ìkùukùu díẹ̀ lápá ibi tí òjò ti máa ń wá. Oníbúlọ́ọ̀kù wá kí Bàbá, ó yà sí ilẹ̀ ìsàlẹ̀, mo rí i tó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń jì wọ̀wọ̀ bí ó ti ń kà á. Mo bi í pé mélòó ló dé. Ó ní òun ṣì kàn ń na ẹsẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ gùn ju tèmi lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

ÌṢẸ́JÚ MÁRÙNDÍNLÓGÓJÌ! Kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà!

A kò yí nǹkan kan. Epo ku ààbọ̀ nínú táńkì, mo ní kí a fi bẹ́ẹ̀ tan án, a ó kún un lálẹ́. Ó ń lọ, ó ń lọ. Ó kọjá méjìlélógún. Ó kọjá ọgbọ̀n. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jó. Mo jó yí i ká. Ìbàdí mi dún kọ́ù. Orí ilẹ̀ tí mo dùbúlẹ̀ sí ni mo ti gbọ́ nígbà tó kú, ẹ̀rín ṣì ń pa mí.

Ó ti ń sàn, mo sọ fún yín. Ó kàn ń fẹ́ kí wọ́n fi inú kan bá òun lò ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Méjìlélógún.

Mo bú u, mo bẹ̀ ẹ́. Méjìlélógún.

Inú bí mi, mo ṣe ohun tí kò yẹ kí àgbàlagbà ṣe. Mo lọ kan géètì dúdú. Mo sọ fún màmá yẹn lójú gbogbo àdúgbò pé aláìsàn ló tà fún mi, pé ó mọ̀, pé ó fi tapólì bo àrùn mọ́lẹ̀. Kò pariwo. Aṣọ tó ń sá lọ́wọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ bọ́. Ó ní, "Bàbá, ọjọ́ tí ọkọ mi kú, nǹkan yẹn ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tí ẹ kò bá fẹ́ ẹ mọ́, lọ́sàn-án Ọjọ́ Àbámẹ́ta màá rán akẹ́rù wá gbé e. Owó yín á pé lọ́wọ́ yín." Mo ní kó rán an wá. Ẹnu mi ló sọ ọ́, èmi kọ́.

Mo dé ilé, n kò lè wo Olóyè lójú. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Máfọwọ́kàn-án yọ àwọn nósù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ó fọ̀ wọ́n, ó dá wọn padà. Méjìlélógún. Ó jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó jókòó nìyẹn, ẹ̀rù bà mí.

Bàbá ké láti ojú fèrèsé. Ó ní, "Nǹkan yẹn kò ṣàìsàn. Wọ́n dí i nímú ni. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń kú, bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lójú." Mo ní Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn, ẹ́ńjìnnì kì í ní imú. Ó ní, "Ṣé òkúta ni èmi fi ọdún méje gbọ́ ni, àbí òun?" N kò gbà. Ẹni tí kò rí nǹkan, ó ń sọ ibi tí imú wà.

[Orí kunkun yín yìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé yẹn lẹ ti jogún rẹ̀.]

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Àrá sán, lọ́nà jíjìn réré.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Àárọ̀ yìí, àbúrò mi jókòó sórí àpótí, ó ń ka ìwé yìí láti ẹ̀yìn wá. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá gbọ́." Ó ní ní gbogbo ọjọ́ tí Olóyè kú tó sì jí, ohun kan náà la ń ṣe kó tó jí. Mo ní èébú. Ó ní rárá. Ó ní, "A ṣí táńkì wò. A ṣí táńkì wò. A ṣí táńkì wò." Ó fi ìka tọ́ ọ lójú ìwé, èmi tí n kò mọ̀wé, mo rí i pé ìlà náà jọra wọn.

Mo ní wíwò kì í ṣe iṣẹ́. Ó ní ká dán an wò. Mo ní òun kò mọ katakata. Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mo tan án.

Méjìlélógún. Ó kú. Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí táńkì. Mo bú u. Mo bú u pẹ̀lú gbogbo ohun tó kù nínú mi, mo yá èébú lọ́wọ́ àwọn òkú. Kò mira. Mo fa epo títí apá fi ro mí. Kò mira. Wákàtí kan gbáko. Nígbà náà ni àbúrò mi na ọwọ́, ó yí ìdérí táńkì, ó dún *ṣììì*. Bàbá sì kígbe láti inú ilé: "Ẹ gbọ́! Ó tún mí kanlẹ̀!"

Mo tan án. Ó jí.

A pe Máfọwọ́kàn-án lórí fóònù. Ó ní kí a wo àárín ìdérí, pé ihò kékeré kan wà níbẹ̀ bí ojú abẹ́rẹ́. Bí epo ṣe ń jáde, ihò yẹn ni atẹ́gùn fi ń wọlé dípò rẹ̀. Tó bá dí, táńkì á máa fa epo rẹ̀ mọ́ra, kò ní jẹ́ kó dé ẹ́ńjìnnì. Ó ní bí táńkì bá ti kún tó ni á ṣe tètè kú. Àbúrò mi wò mí: ọjọ́ ààbọ̀ táńkì. Márùndínlógójì.

Mẹkáníìkì ní, "Ẹ wo ihò náà. Kí ló dí i? Eruku?"

N kò nílò kí n wò ó. Mo ti mọ̀.

Ìda oyin ni.

Èmi ni mo dí i. Ọjọ́ Ajé tó dé gan-an, kí n tó tan án rárá, mo ń nu ìdérí, mo rí ihò. Mo ní áà, ìdérí ti lu, omi á wọlé. Bàbá kọ́ wa láti kékeré: agolo tí irúgbìn bá wà nínú rẹ̀, bí ihò rẹ̀ bá kéré bí ojú èèrà, ìda oyin lo fi ń dí i kí kòkòrò má bàa rí ọ̀nà. Mo yọ ìda díẹ̀ lára agolo àgbàdo, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, mo dán an bí ojú dígí. Nígbà tí Máfọwọ́kàn-án bi mí pé ṣé mo fọwọ́ kan nǹkan, mo ní rárá, n kò sì purọ́! Ṣé dídí ihò ni wọ́n ń pè ní fífọwọ́kàn? Ìtọ́jú ilé ni! Ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti ilẹ̀kùn?

Mo sọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù. Mo rò pé fóònù ti kú. Ẹ̀rín ló ń rín, kò lè mú ohùn jáde. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní, "Bàbá Olóyè, ìgbà tí mo ní ẹ má fọwọ́ kàn án, ọjọ́ méjì ni mo fi pẹ́."

Àbúrò mi ti ṣubú lórí àpótí. [Òtítọ́ ni. Orúnkún mi bó.]

Mo fi ẹ̀gún gún ìda jáde. Mo tan Olóyè. Ìṣẹ́jú méjìlélógún. Ogójì. Wákàtí kan. Wákàtí méjì! Èmi ni mo pa á fúnra mi, torí ó rẹ̀ mí.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Mo ní imú ni, sà. Ó ní, "Ta ló dí i?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "Kí lo fi dí i?" Mo sọ fún un. Ó rò ó. Ó ní, "O ha fi ọwọ́ dán an?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní, "Nígbà náà, o dí i dáadáa."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Kí oòrùn tó gòkè, mo ti wà lẹ́nu géètì dúdú. Àdúgbò tó gbọ́ èébú mi ṣì wà níbẹ̀ gbogbo wọn, mo sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lójú títì, nínú eruku, mo sọ ìtàn ìda láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò fo ìlà kan. Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Ó di dandan kí wọ́n gbé àga fún un. Ó ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ òun máa ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan gún ihò yẹn, òun sì máa ń bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀.

Ó pe akẹ́rù, ó ní kó má wá mọ́. Ó ní kí n dìde, pé ìdọ̀bálẹ̀ mi ti ń dí ọ̀nà mọ́ kẹ̀kẹ́ àwọn èèyàn. N kò lè dìde. Ìbàdí. Ẹni mẹ́ta ló gbé mi.

Ọ̀sán: Máfọwọ́kàn-án kò dúró de Ọjọ́rú, ó wá so abẹ ìtúlẹ̀ mọ́ ìdí Olóyè. Poro àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ ìsàlẹ̀! Ó wọ́ bí ejò tó mu yó. Èkejì wọ́ díẹ̀. Ẹ̀kẹta — ẹ wá wo ẹ̀kẹta! Ilẹ̀ yẹn ń yí padà, ó dúdú, ó ń rùn dídùn. Mo ń kọrin lókè, n kò gbọ́ ohùn ara mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìdajì ti tán. Ìkùukùu ti pọ̀. A kò sinmi lónìí, kí Ọlọ́run má bínú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Bàbá ní òun fẹ́ gùn ún.

Àbúrò mi ní rárá. Máfọwọ́kàn-án ní ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo ní ẹ̀yin méjèèjì, ta ni yóò sọ fún un? Kò sẹ́ni tó jáde. Ọ̀la ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ń sọ eléyìí tí omi ṣì ń kán nínú irùngbọ̀n mi.

A gbé Bàbá dé oko lórí àga, èmi àti Máfọwọ́kàn-án. Irin tó bo táyà ẹ̀yìn la gbé e kà, ìrọ̀rí lábẹ́ rẹ̀, ìborùn àbúrò mi la fi dì í mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó mi. Kò wúwo ju àpò òwú lọ. Ó di èjìká mi mú. Mo tan Olóyè, ó wúkọ́, Bàbá náà wúkọ́, a gbéra.

Poro mẹ́ta, kò sọ̀rọ̀. Mo ń bẹ̀rù pé inú rẹ̀ kò dùn. Ní ẹ̀kẹrin, ó tẹ ẹnu mọ́ mi létí. Ó ní, "Ṣé bó ṣe máa ń rí lókè níbí rèé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní, "Àwọn èèyàn yẹn burú o. Wọn kò sọ fún mi." Ẹ̀rín wá gbé e, ó ń rín, àwọn egungun ìka rẹ̀ ń gbọ̀n lórí èjìká mi, èmi náà ń rín, Olóyè ń rín. Ẹ̀rín mẹ́ta ló ń tú ilẹ̀ ìsàlẹ̀.

Oníbúlọ́ọ̀kù dé lẹ́yìn ọ̀sán, ó gbé agbòòrùn dání, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò mi láti wo bí yóò ti parí. Aago mẹ́ta, ó ku poro mẹ́rin.

Ẹ̀kán kan bọ́ sórí sitiárin.

Ẹ̀kán kejì. Lẹ́yìn náà kò ṣeé kà mọ́. Ó tú lé wa lórí bí ẹni tó da omi inú àmù. Oníbúlọ́ọ̀kù ṣí agbòòrùn. Mo pa Olóyè. Poro mẹ́rin péré! Mo gbé ojú sílẹ̀. Olóríkunkun ni mí, ṣùgbọ́n n kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ ń jẹ́. Mo na ọwọ́ sí Oníbúlọ́ọ̀kù, mo fẹ́ sọ fún un pé ilẹ̀ ti di tirẹ̀.

Bàbá ní, "Kí lo dúró ṣe?"

Mo ní, "Òjò ti dé, sà."

Ó ní, "Òjò wo?" Omi ń ti fìlà rẹ̀ ṣàn gba imú, ó ń kán ní àgbọ̀n. Mo ní èyí tó ń rọ̀ lé wa lórí yìí. Ó na àtẹ́lẹwọ́, omi kún un, ó tọ́ ọ wò. Ó jẹ ẹnu díẹ̀. Ó ní:

"Ìrì ni."

Àbúrò mi la ẹnu. Bàbá kò rí i, ó kàn mọ̀. Ó ní, "Ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀? Ọdún mélòó ni ẹ̀yin ti ń jí bá ìrì? Èmi ni mo ní kí òjò má bá a láìtú. Tí òjò bá dé, èmi ni yóò kọ́kọ́ wá kí. Kò tíì kí mi."

Aago mẹ́ta ọ̀sán! Oníbúlọ́ọ̀kù wo sánmà. Ó wo Bàbá. Ó wo ṣòkòtò ara rẹ̀ tó ti lẹ̀ mọ́ ọn ní itan. Ó wo ilẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ wọ̀n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Ó pa agbòòrùn dé.

Ó ní, "Ìrì ni, Bàbá. Ó kàn pọ̀ díẹ̀ lónìí."

Mo tan Olóyè. A tú poro mẹ́rin náà nínú ìrì, ìrì ń rin wá dé egungun, ìrì ń sán àrá lókè. Nígbà tí a yí ìkẹyìn dé ẹnu odò, Bàbá ní kí n tún un yí, òun kò tíì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Àbúrò mi ní kí a kọ èyí tó kù bí ìwé ṣe yẹ kó rí, kí ẹnikẹ́ni má jí dìde lọ́la sọ òmíràn. Ó kà á fún wa kí a tó fọwọ́ sí i:

*Ohun tó bọ́ lé wa lórí ní ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ní ọjọ́ yìí, láti aago mẹ́ta ọ̀sán títí kọjá aago mẹ́rin, ìrì ni. Nígbà tó ń sẹ̀, a tú gbogbo ilẹ̀ náà tán. Oko ni yóò máa jẹ́.*

Àmì olùsọ̀rọ̀: àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún, nínú ẹrẹ̀, nítorí yíǹkì kò mú.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Oníbúlọ́ọ̀kù, ó fọwọ́ sí i lẹ́yìn tó ti fún ẹ̀wù rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kejì: Máfọwọ́kàn-án, mẹkáníìkì, tó fọwọ́ kàn án.

[Èmi akọ̀wé ni mo kọ ọ́, lẹ́ẹ̀mejì. Ìrì ti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.]